Kí Ojú Má Fọ́, Ẹsẹ̀ Loògùn Rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ojú méjì fún ọmọ ènìyàn, tí ó sì rán an létí oore náà nínú Suratul-Balad. 

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sínú ìwé ọdọọdún wa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fíkíhù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ náhàwù. Ọ̀rọ̀ ojú ni. Àwọn baba wa ní ojú lọba ara, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa ará ilé kéú mọ èyí ju àwọn tí ó pa òwe náà lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ álífù sí orí wàláà fún ọmọdé títí di ọjọ́ tí yóò jókòó láti túmọ̀ Àlùkùráánì ní gbangba nínú oṣù Ramadan, ojú ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, wáàsí tí a ń gbọ́ lórí ojú kì í ju pé kí a má fi wo ohun tí kò yẹ lọ. Wáàsí yẹn dára. Ṣùgbọ́n ojú tí ó ti fọ́, kí ni yóò tún fi wò?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ láàrin wa tí mo fẹ́ bá jà. Bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ tá ògiri bí ó ti ń bọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ní àsìkò Súbúhì, tí ó bá ń kí ẹni tí kò jẹ́ ẹni tí ó rò pé ó jẹ́, àwa tí a jókòó yóò mi orí, a ó ní, "Àmúwá Ọlọ́hun ni, kí Ọlọ́hun fún bàbá ní sùúrù." Òótọ́ ni pé kò sí ohun tí í ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó máa ń bèèrè pé, "Bàbá, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú?" Bí a bá sọ ọ̀rọ̀ kádàrá kí a tó bi ìbéèrè yìí, ìgbàgbọ́ kọ́ ni a ń sọ mọ́. A kàn ń wá ọ̀nà tí a ó fi jókòó ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ànábì Yakub, ẹni tí gbogbo ọmọ kéú ka ìtàn rẹ̀ nínú Suratu Yusuf. Ojú rẹ̀ funfun nítorí ìbànújẹ́ ọmọ rẹ̀. Bí a bá ń wá alásùúrù, kò sí ẹni tí a lè fi ṣe àpẹẹrẹ jù ú lọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé sùúrù tí ó dára ni òun yóò ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó sọ ọ̀rọ̀ sùúrù yìí náà ni ó tún pe àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n lọ wá Yusuf àti àbúrò rẹ̀, kí wọ́n má sì ṣe sọ ìrètí nù. Kò ní kí wọ́n jókòó ti òun. Àwọn ọmọ rìn dé Íjíbítì, ibẹ̀ sì ni ẹ̀wù tí a fi kan ojú rẹ̀ ti wá, tí ó fi padà ríran. Ìwòsàn yẹn, iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́hun ni. Síbẹ̀, ẹnì kan ni ó rìnrìn àjò kí ó tó dé. Yorùbá ní kí ojú má rìí ibi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Mo rò pé òwe náà bá ìtàn yìí mu ju bí àwọn tí ó pa á ti lérò lọ.

Àwọn ààfáà wa tún mọ ìtàn Sàyídínà Umar nígbà tí ó ń lọ sí Ṣáámù, tí wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀. Ó pinnu láti padà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun ni. Àìsàn, àmúwá Ọlọ́hun ni. Oògùn náà ńkọ́, ta ni ó dá a? Ànábì wa fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn, tí ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ọjọ́ ogbó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Èmi kò sọ pé afọ́jú jẹ́ ẹni ẹ̀tẹ́. Abdullahi ọmọ Ummu Maktum fọ́jú, òun ni Ọlọ́hun sì torí rẹ̀ sọ Suratu Abasa kalẹ̀. Ó ń pe ìrun ní Mẹ̀dínà pẹ̀lú Bilal, Ànábì sì máa ń fi ìlú sílẹ̀ fún un láti bójú tó bí ó bá lọ sí ogun. Láàrin àwa náà, àwọn afọ́jú tí ó há Àlùkùráánì sórí wà, tí àwa olójú méjì ń tọ̀ lọ fún àtúnṣe kíké wa. Ẹni tí Ọlọ́hun gba ojú rẹ̀, tí ó ṣe sùúrù, ẹ̀san alùjánńà ni hádíìsì ṣèlérí fún un. Ṣùgbọ́n ìlérí yẹn, ti ẹni tí ó ti sa gbogbo agbára rẹ̀ ni. Kì í ṣe ti ọmọ tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ kí ojú ìyá rẹ̀ fọ́ nínú ilé.

Nítorí pé púpọ̀ nínú ìfọ́jú wa ni kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ rárá. Láàrin ọdún 2005 sí 2007, àwọn dókítà ojú rin gbogbo Nàìjíríà já, wọ́n sì yẹ ojú àwọn ènìyàn tí ó ju 13,000 lọ wò, àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti tó 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rí i pé nínú 100, ó ju 4 lọ tí ó ti fọ́jú. Wọ́n wá wo ohun tí ó fọ́ ojú náà. Nínú 100 afọ́jú, 84 ni ohun tí ó fọ́ wọn lójú jẹ́ ohun tí a lè dènà tàbí tí a lè wò sàn. Funfun inú ojú nìkan mú 43 nínú wọn, gúlákómà mú bí 17. Ẹ tún un kà: 84 nínú 100. Àwọn wọ̀nyí ni àwa jókòó, tí à ń sọ pé àmúwá Ọlọ́hun ni.

Funfun inú ojú yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù láàrin àwọn àgbà wa. Lẹ́yìn ọmọlójú, ohun kan wà tí ó mọ́ gaara bí díńgí, òun ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá wọ inú ojú. Bí ọjọ́ ogbó bá dé, díńgí náà a máa ṣú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí ìgbà tí èéfín bo gíláàsì àtùpà. Kì í dunni. Kò sí oògùn tí a ń kán sójú tàbí àgbo tí a ń mu tí ó lè mú un kúrò, ẹni tí ó bá sì sọ pé òun ní in, owó yín ni ó ń wá. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó wà fún un. Dókítà yóò yọ díńgí tí ó ti ṣú náà, yóò sì fi tuntun tí a fi ike ṣe rọ́pò rẹ̀. Dókítà Harold Ridley ni ó kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sí ojú ènìyàn ní London ní ọdún 1949. Lónìí, iṣẹ́ náà kì í sábà tó wákàtí kan, ojú nìkan ni wọ́n sì máa ń pa oró rẹ̀, aláìsàn kì í sùn lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún ni ó ń padà sílé lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni àwọn alábẹ́rẹ́ tí ń kiri abúlé. Wọn a ní àwọn yóò ṣí ojú bàbá, wọn a fi abẹ́rẹ́ ti díńgí tí ó ṣú náà ṣubú sẹ́yìn nínú ojú. Bàbá yóò rí ìmọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, gbogbo ilé yóò dá tàkúbírù, alábẹ́rẹ́ yóò gba owó àti àkùkọ, yóò sì ti jìnnà kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ìdọ̀tí ti wọlé, ohun tí ó ṣubú náà ṣì wà nínú ojú tí ó ń ba ibẹ̀ jẹ́, ojú tí dókítà ì bá wò sàn sì lè fọ́ pátápátá. Nínú ìwádìí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ojú 583 ni wọ́n rí tí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn nítorí funfun. 249 nínú wọn, alábẹ́rẹ́ ni ó ṣe é. Àwọn mìíràn a máa sọ pé ìṣẹ̀dálẹ̀ ni, pé àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Ammar ọmọ Ali, ará Mosul, tí ó ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, ti ṣàlàyé abẹ́rẹ́ oníhò tí ó fi ń fa funfun náà jáde, dípò kí ó tì í sẹ́yìn. Ní ayé tirẹ̀ náà ni Ali ọmọ Isa kọ ìwé ìtọ́jú ojú ní Bàgìdáádì tí àwọn oníṣègùn lò fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí Ibn al-Haytham sì kọ Kitabul-Manazir, níbi tí ó ti fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wọ inú ojú, kì í ṣe pé ojú ń tan ìmọ́lẹ̀ síta. Irú àwọn wọ̀nyí ni baba ìmọ̀ wa. Ẹ wá wo bí ó ti burú tó kí ọmọ ọmọ wọn gbé ojú fún ẹni tí kò fọ abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Funfun a máa dúró de dókítà. Bí ó tilẹ̀ pẹ́, a ṣì lè yọ ọ́. Gúlákómà ni kì í dúró. Olè ni. Omi inú ẹyinjú ni agbára rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù, tí yóò máa tẹ iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ títí iṣan náà yóò fi kú. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe iwájú, nítorí náà ẹni tí ó ní in ṣì lè máa ka Àlùkùráánì geere, kí ó sì máa fi èjìká gbá ènìyàn lọ́nà. A ó ní bàbá yìí ti ń gbéraga, kì í kí ènìyàn. Bàbá kò rí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ìgbà tí yóò bá fi mọ̀, èyí tí ó lọ kò ní padà mọ́. Kò sí iṣẹ́ abẹ tí ó lè dá a padà, ṣùgbọ́n oògùn àti iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bo èyí tí ó kù. Àwa ènìyàn dúdú ni ó máa ń mú jù, ó sì máa ń tètè mú wa ju àwọn òyìnbó lọ. A máa rìn nínú ẹbí: bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, tàbí ẹ̀gbọ́n, kí àwọn yòókù tètè lọ yẹ ojú wò, kódà bí ojú wọn bá ń ríran bí ti àṣá. Ẹni tí ó bá ti tó 40 ọdún, tí kò tíì sí dókítà tí ó wọn agbára omi inú ojú rẹ̀ rí, àkókò rẹ̀ ti tó. Bákan náà ni ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ojú rẹ̀ nílò àyẹ̀wò lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí orí ohun tí a ń dà sí ojú, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti le jù. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, tí ó ń ṣe ipin, irú èyí tí a ń pè ní Àpólò (ọdún 1969 tí ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn lọ sí orí òṣùpá ni àjàkálẹ̀ rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, ni orúkọ náà fi mọ́ ọn lára), oríṣìíríṣìí ni a máa ń dà sí i. Ìtọ̀, omi ọmú, omi ewé, omi iyọ̀. Púpọ̀ nínú ojú pípọ́n yìí ni yóò lọ fúnra rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bí a bá ń fi omi mímọ́ nù ún, tí ẹni tí ó ní in sì ń fọ ọwọ́ rẹ̀, tí kò bá ẹlòmíràn lo táwẹ̀lì. Bí ojú bá ń dunni gan-an, tí ìríran dín kù, tàbí tí a rí ibi funfun lára dúdú ojú, kò sí àròyé níbẹ̀ mọ́, ọsibítù ni.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí yóò ta àwọn kan létí. Hàǹtú, omi tí a fọ̀ láti ara wàláà, àwọn kan ń kán an sí ojú aláìsàn. Kò sí ẹni tí ó ń bá ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun jà. Ẹ kà á sí aláìsàn létí, ẹ gba àdúrà, ẹ tọ́ ọ sí ara rẹ̀ bí Ànábì ti ṣe é. Ṣùgbọ́n tàdáà tí a fi èédú àti oje igi ṣe, tí a fọ sínú igbá tí ó ti wà nílẹ̀ láti àná, ìdọ̀tí ni ó ń gbé wọ inú ojú tí ó ti ní egbò. Ohun mímọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Igbá ni kò mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ojú tí a ń rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Nínú wọn ni àwọn kan wà tí ó ní oògùn tí a ń pè ní steroid nínú. Ojú yóò tutù, pípọ́n yóò lọ, inú ènìyàn yóò dùn, yóò sì máa rà á. Bí ó bá ń lò ó lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, oògùn yẹn gan-an lè fa gúlákómà, ó lè fa funfun, àní lójú ọmọdé.

Ti tìróò ńkọ́? Èmi náà mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀ sí tìróò níwájú àwọn ìyá wa. Wọ́n á ní Sunna ni. Ohun tí Ànábì yìn nínú hádíìsì, ithmid ni wọ́n ń pè é. Èyí tí a ń rà ní ọjà wa, ta ni ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà wò, wọ́n rí òjé nínú rẹ̀. Wọ́n wádìí títí, tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà tí wọ́n ń lé fún un ni ó fà á. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ìdènà àrùn, tí wọ́n ń pè ní CDC, tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 2012: bí a bá pín tìróò náà sí ọ̀nà 100, òjé kó 82.6 nínú rẹ̀. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kì í sì í jáde kíákíá. Ọmọ tí à ń lé tìróò fún kí ojú rẹ̀ lè mọ́ yóò wá dé ilé kéú, kò ní lè há súrà sórí, a ó sì sọ pé olódo ni. Sunna kò ní kí a lé májèlé sí ojú ọmọ.

Nípa ọmọ tí à ń pè ní olódo, ẹ̀yin ùsítáàsì ẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi fara balẹ̀. Ọmọ tí ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, tí ó ń di ojú wo pátákó, tí ó ń da bá'ù pọ̀ mọ́ tá'ù, tí kò dá jíímù mọ̀ yàtọ̀ sí kháà, ó ṣeé ṣe kí ó má rí àwọn àmì tó-tò-tó náà ni. Lẹ́tà Lárúbáwá kò dà bí A, B, D. Àmì kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sọ́tọ̀. Ọmọ náà kò sì ní sọ fún yín, nítorí pé kò mọ̀ pé àwọn yòókù ń rí ju òun lọ. Ó rò pé bí ayé ti rí fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Jígí ojú lásán ni yóò yanjú ọ̀ràn rẹ̀. Ẹgba ni a ń fún un. Ẹgba yìí gan-an, bí ó bá ta bá ojú, ó lè fọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, bíi rọ́bà, òkúta àti bángà ọjọ́ ọdún tí a ń bá àwọn ọmọ wí lé lórí. Mi ò rí ìdí tí ẹgba fi gbọdọ̀ ga ju èjìká lọ nínú kíláàsì, bí kò bá tilẹ̀ ṣeé ṣe kí a gbé e jù sílẹ̀.

Àwọn òbí kan yóò sọ pé jígí máa ń ba ojú jẹ́, pé bí ọmọbìnrin bá ń lo jígí kò ní rí ọkọ fẹ́. Irọ́ ni ti àkọ́kọ́: jígí tí dókítà kọ fún ọmọ kò lè ba ojú rẹ̀ jẹ́, àìlò rẹ̀ ni ó máa ń ba ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́. Ti èkejì, ẹni tí kò bá lè fẹ́ ọmọ yín nítorí jígí, ẹ dúpẹ́ pé ó tètè fi ara rẹ̀ hàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ojú ọmọ má tètè nílò jígí, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó lọ ṣeré níta lójú ọ̀sán. Ẹ fún un ní ẹ̀fọ́, ẹ̀dọ̀, epo pupa, ìbẹ́pẹ àti máńgòrò, nítorí fítámì A inú wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi fò ó dá, èéyi ti fọ́ ojú ọmọ púpọ̀ rí. Àwọn àgbà ààfáà tí ó ti kọjá 40, tí ń na Àlùkùráánì jìnnà sí ojú títí apá kò fi gùn tó mọ́, jígí ìkàwé kò wọ́n. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní abúlé ẹ̀bá odò tí omi rẹ̀ ń sáré, bí wọ́n bá gbé oògùn Mectizan wá, ẹ gbé e mì. Kòkòrò kékeré dúdú tí ń jẹni létí odò ni ó ń kó àìsàn tí ń fọ́ ojú náà ranni. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck tí ń ṣe oògùn náà ti ṣèlérí pé ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò máa fi í sílẹ̀. Àwọn méjì tí ìmọ̀ wọn bí i, Satoshi Omura ará Japan àti William Campbell, gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 2015. Àwa kan ṣì ń kó o sábẹ́ ìrọ̀rí.

Kí ni mo wá fẹ́ kí a ṣe? Mi ò bèèrè pé kí a kọ́ ọsibítù. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí a gbé pátákó tí wọ́n kọ lẹ́tà E ńlá àti kékeré sí, èyí tí ìdí rẹ̀ kọjú sí òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, kọ́ sára ògiri ilé kéú wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́. Kí a wọn mítà 6 sí i. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró níbẹ̀, kí ó fi ọwọ́ bo ojú kan, kí ó máa fi ìka júwe ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà náà kọjú sí, lẹ́yìn náà kí ó bo ojú kejì. Àní ọmọ tí kò tíì mọ álífù lè ṣe é. Èyí tí kò bá ríran dáadáa, kí a fi ìwé ránṣẹ́ sí bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nípa owó jígí fún ọmọ aláìní, ẹ wo ohun tí à ń ná lórí aṣọ ẹbí nìkan fún wọ́líma. Mi ò ní kí a má se ìrẹsì o. Mo ní kí a yọ díẹ̀ kúrò nínú owó aṣọ.

Ìyókù wà lọ́wọ́ àwọn Lèmámù wa. Ọjọ́ Àlàmísì kejì nínú oṣù Òkítóbà ni gbogbo ayé fi ṣe Ọjọ́ Ìríran. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Jímọ̀ ni, lọ́dọọdún, láìyẹ̀. Kí hùtúbà ọjọ́ náà jẹ́ lórí ojú, kí a sì ti bẹ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ojú kan kí ó jókòó sí àgbàlá mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun, kí ó yẹ àwọn tí ó ti tó 40 ọdún wò. Mo bẹ̀ yín, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin. Àwọn ọkùnrin ni ọmọ máa ń tètè gbé lọ sí ọsibítù. Ìyá ni yóò sọ pé òun ṣì ń rí ọ̀nà ilé ìdáná, kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó náà san owó ilé ìwé.